Ráákì, réélì, wáyà: èwo ni kẹ́ ẹ mú? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ to sáfà kó dúró dáadáa

Ráákì ni férémù irin tí wọ́n ń to sáfà sí, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà míì; réélì ni irin tó ń gbé sáfà dúró lára òpó ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó ráákì kankan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ta ló máa padà wá tú nǹkan yìí, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún, ṣé wọ́n á ti pa á nígbà yẹn àbí á ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́? Ọ̀pọ̀ wa, ọjọ́ tá a fẹ́ gbé e wọlé nìkan là ń rò, bó ṣe máa tètè parí, bó ṣe máa dáa nínú fọ́tò. Àmọ́ ọjọ́ kan péré lẹ máa fi tò ó, ó sì lè lo ọdún márùn-ún níbẹ̀, fáànù á bàjẹ́, dísíìkì á kú, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi RAM (mẹ́mọ́rì) kún un, gbogbo ìgbà yẹn lẹ máa padà wá. Torí náà gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi wéra níbí, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa tú u ni mo fi díwọ̀n ẹ̀.

Ráákì fúnra ẹ̀: olópòó méjì, olópòó mẹ́rin, àbí oníkọ́bọ́ọ̀dù?

Èyí tí gbogbo ayé ń lò, íǹṣì 19 lojú ẹ̀rọ tó ń wọ inú ẹ̀ fẹ̀, ìyẹn 482.6 mm. Ayé tẹlifóònù ló ti wá, AT&T ló sọ ọ́ di òṣùwọ̀n ní nǹkan bíi 1922. Gíga ẹ̀, U ni wọ́n fi ń kà á, 1U jẹ́ íǹṣì 1.75, 44.45 mm, èyí tó wọ́pọ̀ jù sì ga tó 42U. Irú kan tún wà tó ń jẹ́ Open Rack, ọ̀dọ̀ Open Compute Project tí Facebook dá sílẹ̀ lọ́dún 2011 ló ti jáde, íǹṣì 21 ni tiẹ̀, U ẹ̀ sì jẹ́ 48 mm. Ẹrù ọ̀kan ò bá èkejì mu, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Olópòó méjì fúyẹ́, kò gba àyè, ẹ̀yìn ẹ̀ ò ṣòroó dé. Patch panel (pátákó tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń parí sí) àti síwíìṣì (ẹ̀rọ tó ń so wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀) tó kúrú ló bá a mu. Sáfà tó gùn tó 700 mm, tẹ́ ẹ bá fi etí iwájú nìkan gbé e kọ́ síbẹ̀, gbogbo ìwúwo ẹ̀yìn ẹ̀ á máa fà á wálẹ̀, etí yẹn á máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ti rí èyí tó tẹ̀ débi pé ó lọ gbára lé orí ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, nígbà tí wọ́n wá fẹ́ yọ ti ìsàlẹ̀, wọ́n ní láti pa ti òkè kí wọ́n tó lè ṣe ohunkóhun. Sáfà, òpó mẹ́rin ni, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀.

Láàárín olópòó mẹ́rin tó ṣí sílẹ̀ àti oníkọ́bọ́ọ̀dù, ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e sí ló máa sọ. Tó bá jẹ́ yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́, tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń wọ ibẹ̀, èyí tó ṣí sílẹ̀ rọrùn fún ọwọ́, ẹ máa rí gbogbo nǹkan, ẹ máa dé ibi gbogbo láti ẹ̀gbẹ́. Tí àwọn míì bá ń gba ibẹ̀ kọjá, tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ ya atẹ́gùn tútù sọ́tọ̀ kúrò lára gbígbóná, kọ́bọ́ọ̀dù ni. Ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣá, oníhò wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ mú níwájú àti lẹ́yìn. Ilẹ̀kùn gíláàsì rẹwà lójú, àmọ́ sáfà máa ń fa afẹ́fẹ́ láti iwájú ni, gíláàsì máa fún un lọ́rùn.

Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ ni jíjìn ẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù 1000 mm àti ti 1200 mm jọra nínú àwòrán, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ àfi ìgbà tí sáfà bá wọlé tán tẹ́ ẹ wá rí i pé ẹ̀yìn ò ku àyè kankan fún wáyà, ilẹ̀kùn ò sì tì. Sáfà òde òní gùn, àwọn míì lé ní 800 mm, ẹ fi páwà (àpótí tó ń fún un níná) àti wáyà tó máa yọ lẹ́yìn ẹ̀ kún un. Èmi o, tí àyè ilẹ̀ bá ti gbà, 1200 ni mo máa ń mú. Fífẹ̀ náà bẹ́ẹ̀: 600 àti 800, ẹrù íǹṣì 19 kan náà ló ń wọ inú méjèèjì, àmọ́ 800 fún yín ní àlàfo bíi 100 mm sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fún sáfà nìkan, 600 tó. Fún ráákì tí síwíìṣì ńláńlá àti ọgọ́rùn-ún wáyà máa wà nínú ẹ̀, ẹ mú 800, kẹ́ ẹ má bàa máa kó wáyà gba ojú ẹ̀rọ kọjá.

Tó bá ní táyà lábẹ́, táyà yẹn fún gbígbé kiri ni o. Ìwúwo tí ráákì lè gbé lórí táyà kéré sí èyí tó lè gbé lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, torí náà ẹ rọ ẹsẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi ìwọ̀n omi wò ó bóyá ó dúró gbọọrọ, kẹ́ ẹ tó to ohunkóhun sí i.

Ihò onígun mẹ́rin àbí ihò tó ní eyín nínú?

Onígun mẹ́rin. Ẹ ò ní láti rò ó pẹ́. Ihò tó ní eyín, tí súkúrù ń wọ̀ tààrà, yá lọ́wọ́ fún patch panel tí ẹ ò ní tú láéláé, àmọ́ ọjọ́ tí eyín yẹn bá jẹ, òpó lẹ bà jẹ́ yẹn. Onígun mẹ́rin ní tiẹ̀, cage nut (nọ́ọ̀tì tó wà nínú irin kékeré) lẹ máa há sínú ẹ̀, tó bá jẹ, ẹ yọ ọ́ dànù, ẹ fi òmíì há a, ó parí. Ju gbogbo ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ réélì ìgbàlódé tí kò nílò súkúrù, inú ihò onígun mẹ́rin ló ti ń gbá mú. Ẹ ra irin kékeré tí wọ́n fi ń há cage nut. Ẹni tó bá ń fi ẹnu súkúrù-dírẹ́fà ṣe é máa gún ara ẹ̀ lọ́wọ́, tàbí kí nọ́ọ̀tì fò bọ́ sínú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ya súkúrù M6 sọ́tọ̀ kúrò lára súkúrù 10-32 àti 12-24, ẹ má kó wọn sínú ike kan náà, torí wọ́n jọra lójú, tẹ́ ẹ bá fi agbára rọ ọ̀kan sínú èkejì, kò ní jáde mọ́.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ka ihò, torí ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe jù. U kọ̀ọ̀kan ní ihò mẹ́ta. Láti àárín ihò kìíní dé ìkejì, 15.875 mm, ìkejì dé ìkẹta, 15.875 mm, àmọ́ láti ìkẹta dé ihò àkọ́kọ́ inú U tó tẹ̀ lé e, 12.7 mm péré ni. Ìyẹn ni pé ibi tí ihò méjì ti sún mọ́ra jù, àárín wọn gan-an ni U kan ti parí tí òmíì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pajú dé kẹ́ ẹ fi ìka yín wọ́ ojú òpó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ìka yín á mọ̀ ọ́n: fífẹ̀, fífẹ̀, kékeré, fífẹ̀, fífẹ̀, kékeré. Tẹ́ ẹ bá fi ihò kan ṣì í níwájú, ẹ̀rọ yín máa jókòó lé orí U méjì, ìyẹn ló máa ń fa àlàfo kékeré tí nǹkan kan ò lè wọ̀ mọ́ láéláé. Tó bá wá jẹ́ ẹ̀yìn lẹ ti ṣì í, iwájú ga ẹ̀yìn rẹlẹ̀, sáfà máa wọlé dé ìdajì, á há, ẹlòmíì á sì fi èjìká tì í. Ẹ má fi èjìká tì í. Ohun tó bá ti há, ẹ yọ ọ́, ẹ lọ ka ihò ẹ̀yìn. Èmi máa ń lẹ téèpù pélébé mọ́ òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbi tí U yẹn ti bẹ̀rẹ̀, iwájú méjì, ẹ̀yìn méjì, kí n tó mú réélì dání rárá.

Réélì: ibí ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí

Oríṣi mẹ́ta ni: èyí tó ń yọ síta bíi dúrọ́ọ̀, èyí tó dúró sójú kan, àti pẹpẹ.

Onídúrọ́ọ̀, ẹ fa sáfà, ó yọ síta tán, ó dúró síbẹ̀ láìsí ẹni tó dì í mú, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀, ẹ ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, ẹ tì í padà. Tí wáyà ẹ̀yìn ẹ̀ bá gùn tó, tí fáànù ẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀ láìpa á, kò tiẹ̀ ní kú. Èyí tó dúró sójú kan, irin méjì tó rí bíi lẹ́tà L ni, sáfà jókòó lórí ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ṣí ìdérí ẹ̀, ẹ máa pa á, ẹ máa yọ gbogbo wáyà ẹ̀yìn, ẹ máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì. Àmọ́ ó fúyẹ́, kò gbówó lórí, ó ń bá ihò oríṣiríṣi mu, àwọn kan tiẹ̀ wà tó ń wọ ráákì olópòó méjì.

Àṣìṣe tí mo ń rí ni pé àwọn èèyàn á ra onídúrọ́ọ̀ fún gbogbo ẹ̀ torí wọ́n gbà pé òun ló dáa jù, tàbí kí wọ́n ra èkejì fún gbogbo ẹ̀ torí owó. Ibi tí ohun tó máa ń bàjẹ́ wà lára sáfà yẹn ni kẹ́ ẹ wò. Tó bá jẹ́ pé dísíìkì iwájú àti páwà ẹ̀yìn nìkan lẹ máa ń pààrọ̀, méjèèjì ń yọ láìṣí ìdérí, réélì tó dúró sójú kan tó yín. Tó bá jẹ́ sáfà tó kó káàdì GPU (káàdì ìṣirò ńlá) sínú, tàbí èyí tí fáànù ẹ̀ wà lábẹ́ ìdérí, tàbí ẹ̀rọ ìpamọ́ 4U tí wọ́n ń ti òkè ki dísíìkì sí, onídúrọ́ọ̀ ni, ẹ má ṣàwáwí. Bákan náà, tẹ́ ẹ bá ní sáfà ogún tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí ọ̀kan bá kú tí kò sẹ́ni tó máa mọ̀, kí lẹ fẹ́ fi dúrọ́ọ̀ ṣe? Ẹ pa á, ẹ gbé e jáde. Sáfà kan ṣoṣo tí gbogbo ilé gbójú lé ló yẹ kẹ́ ẹ náwó réélì sí.

Pẹpẹ wà fún ẹ̀rọ tí kò ní etí, módẹ́ẹ̀mù àti àwọn kékeré bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé sáfà gidi lé e. Kò sí ohun tó dì í mú, ẹni tó bá fa wáyà láti ẹ̀yìn lè fà á já bọ́.

Onídúrọ́ọ̀ náà tún pín sí méjì, ọ̀pọ̀ olùtajà kì í sì í sọ ọ́. Àkọ́kọ́, ẹ máa fa réélì méjèèjì síta tán, ẹ̀yin méjì á gbé sáfà láti òkè sọ̀ kalẹ̀ kí àwọn ìṣó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bọ́ sínú kòtò tó wà lára réélì, ẹ gbọ́ ohùn “ká”, ẹ tì í wọlé. Èkejì, apá kan réélì ti wà lára sáfà tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé e dání ní láti fi imú irin méjì sọ ihò méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ wá tì í. Tí ọwọ́ ọ̀kan bá rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ti èkejì, àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké inú réélì lè tú dànù, réélì yẹn parí nìyẹn. Fún ẹ̀rọ tó wúwo, tẹ́ ẹ bá lè yan, ẹ mú àkọ́kọ́, pàápàá tí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ agbẹ́rù.

Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé réélì kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ti sáfà yìí lè má wọ ti ọdún tó tẹ̀ lé e, kódà kó jẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì. Ẹ bá sáfà rà á pọ̀. Ìwé ẹ̀ máa sọ ìwọ̀n àárín òpó iwájú sí òpó ẹ̀yìn tó lè nà dé, ẹ fi téèpù wọn ráákì yín kẹ́ ẹ fi wé e. Tó bá jẹ́ onísúkúrù, ẹ má rọ ọ́ le lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi sílẹ̀ kó dẹ̀ díẹ̀, ẹ ti sáfà wọlé kí réélì fúnra ẹ̀ wá ojú ẹ̀, ẹ wá rọ ọ́ le lẹ́yìn náà.

Wáyà: táì oníke àbí Velcro, apá ẹ̀yìn àbí kó rọ̀ díẹ̀?

Ilé iṣẹ́ kan wà tí mo bá wọn ṣiṣẹ́, fáànù kan kú nínú sáfà wọn, réélì onídúrọ́ọ̀ ni, mo ní kò le. Ẹni tó tò ó ti fi táì oníke so wáyà páwà ẹ̀ pọ̀ mọ́ ti sáfà tó wà lókè ẹ̀, ó le pinpin, ó rẹwà, ẹ ò ní rí wáyà kan tó yọrí. Mo fà á, ó wá. Mo fà á sí i, ó fẹ́ há, mo fi ọwọ́ kejì kún un, ni mo bá gbọ́ nǹkan tó dún “pó”, fáànù tó ń hó lókè orí mi sì dákẹ́ wẹ́lo. Ẹ̀gbọ́n tó ń tan tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ráákì pariwo pé “Dúró ńbẹ̀! Má fà á mọ́!” Mo ní “Ẹ̀gbọ́n, mi ò fọwọ́ kan tòkè o.” Wọ́n ní “Ìwọ kọ́, táì ló yọ ọ́.” Sáfà òkè yẹn, páwà kan ṣoṣo ló ní.

Láti ọjọ́ náà, táì oníke ò wọ inú ráákì mi mọ́. Ó máa ń fún wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́rùn, fáíbà (wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé dátà) pàápàá kì í fẹ́ kí wọ́n fún òun rárá, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yọ ọ̀kan ẹ ní láti fi ẹ̀mú gé gbogbo ẹ̀, orí tó bá kù sì mú bí abẹ. Velcro (okùn tó ń lẹ̀ mọ́ra) ń tú, ó ń so padà, wáyà kan lẹ fẹ́ yọ, wáyà kan lẹ máa yọ. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ wáyà, ti Cat6 (wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì onírin), ẹ jẹ́ kí rédíọ́ọ̀sì ibi tó ti tẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin bó ṣe nípọn tó, ó kéré tán, fáíbà, ìlọ́po mẹ́wàá. Wáyà sáfà kọ̀ọ̀kan, ẹ so ó nìkan, ẹ má so ó mọ́ ti aládùúgbò ẹ̀. Páwà lápá kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lápá kejì. Lébù sórí méjèèjì, orí kan ò tó.

Apá onírin tí wọ́n máa ń fi sẹ́yìn sáfà, tó ń ká wáyà tó sì ń nà án bẹ́ ẹ ṣe ń fà á, ó dáa fún sáfà tẹ́ ẹ máa ń fà yọ lóòrèkóòrè láìpa á. Fún àwọn yòókù mi ò fẹ́ ẹ, torí ó máa ń dí ojú ibi tí ooru ń gbà jáde, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ pààrọ̀ páwà, òun lẹ máa kọ́kọ́ bá jà. Ẹ jẹ́ kí wáyà rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tó gígùn tí sáfà fi ń yọ, ẹ fi Velcro ká a, ó tán.

Páwà: PDU olóròó àbí onídùbúlẹ̀?

PDU ni ọ̀pá tó ń pín iná fún àwọn ẹ̀rọ inú ráákì. Olóròó, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ẹ̀yìn, kò jẹ U kankan, ó sì máa jẹ́ kí wáyà páwà kúrú. Onídùbúlẹ̀ ń jẹ 1U tàbí 2U, gbogbo wáyà á wá máa rìn lọ sójú kan. Ráákì tó kún, olóròó ni. Ráákì kékeré tí kò jìn, tí ẹ̀yìn ẹ̀ ò ní àyè, ẹ mú onídùbúlẹ̀. Ẹ wo ẹnu ẹ̀ tí wáyà ń wọ̀ náà: C13 ń gbé ámpù 10, C19 ń gbé ámpù 16, sáfà GPU ńlá máa ń fẹ́ C19.

Ẹ mú méjì, A àti B, kí páwà méjèèjì sáfà má wà lórí ọ̀kan. Ìṣirò ẹ̀ lọ́pọ̀ ti ń ṣubú: PDU méjì, ámpù 16 ni kálukú wọn lè gbé, A ń gbé 9, B ń gbé 9, ẹni tó bá wò ó á ní àyè ṣì pọ̀. Lọ́jọ́ tí A bá kú, 18 ló máa já lu B, B náà á sì já. Àpapọ̀ méjèèjì ni kẹ́ ẹ máa wò, kó má kọjá ohun tí ọ̀kan ṣoṣo lè gbé láìfi ara ni ín.

Atẹ́gùn

Tútù láti iwájú, gbígbóná sí ẹ̀yìn, gbogbo ẹ̀rọ ní láti kọjú síbì kan náà. ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ní Amẹ́ríkà, ní kí afẹ́fẹ́ tó ń wọ iwájú sáfà wà láàárín 18 sí 27°C. Síwíìṣì ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, irú kan ń fa afẹ́fẹ́ láti ojú ibi tí wáyà wà, irú kejì ń tú u jáde níbẹ̀, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó rà á. Gbogbo U tó ṣófo, ẹ fi páànẹ́ẹ̀lì dí i, onísúkúrù tàbí oníke tó ń há fúnra ẹ̀, oníke ni mo fẹ́ràn jù torí wọ́n á dá a padà lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́, onísúkúrù, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń fi í sí.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbé e

Ìsàlẹ̀ lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀. UPS (ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń gba iṣẹ́ ṣe tí iná bá lọ) ló máa kọ́kọ́ lọ, ẹ yọ bátìrì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e. Ọwọ́ àbí ẹ̀rọ agbẹ́rù? Ọ̀pọ̀ sáfà ní àmì ìkìlọ̀ lára: tó bá ti tó 18 kílò, ẹni méjì, 32 kílò, ẹni mẹ́ta. Ẹ̀rọ ìpamọ́ 4U tí dísíìkì kún inú ẹ̀ lè lé ní 50 kílò, ẹ yọ dísíìkì àti páwà kó lè fúyẹ́, ẹ kọ nọ́ńbà sára dísíìkì kọ̀ọ̀kan kó lè padà sí ihò ẹ̀. Ohun tó bá máa ga ju àyà yín lọ, ẹ wá ẹ̀rọ agbẹ́rù. Sáfà méjì ò gbọdọ̀ yọ síta lẹ́ẹ̀kan náà, ráákì lè dojú dé lu èèyàn, tó bá sì ní ẹsẹ̀ ìdúró tó ń yọ síwájú, ẹ fa ẹsẹ̀ yẹn síta kẹ́ ẹ tó fa sáfà kankan.

Nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́, tí kò tíì sẹ́ni tó ń lò ó, ẹ fa sáfà onídúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan síta tán, kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kó máa wo wáyà bó ṣe ń tẹ̀ lé e. Ẹ tì í padà. Ẹ pa PDU A, ẹ ka iná ara sáfà níkọ̀ọ̀kan, ẹ tan án. Ẹ dúró kí páwà méjèèjì padà sí àwọ̀ ewé. Ẹ wá pa B.